Èébì oyún, ojú tó ń ríran méjì-méjì, àti fítámì B1 tó tán lára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi obìnrin lóyún, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí. Láti ìgbà tó ti ku díẹ̀ kó pé oṣù méjì ni èébì ti ń dà á láàmú. Kò sí ohun tó ń dúró nínú rẹ̀ àfi omi ògì àti búrẹ́dì díẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò wa ń fún un ní dírípù glukóòsì. Ara á fúyẹ́ fún ọjọ́ kan, èébì á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ẹnì kan ṣoṣo tó dúró níwájú òun ń di méjì. Ó ń rìn ségesège, ó sì bi mí níbi tí a wà, bẹ́ẹ̀ inú yàrá tirẹ̀ la wà. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí a gbé e lọ, wọ́n ní fítámì B1 ló tán lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan bi wá bóyá ó máa ń mutí. Inú bí màmá wa, wọ́n ní ọmọ àwọn ò fi ọtí kan ẹnu rí, pé ọwọ́ ayé ló wà ńbẹ̀. Wọ́n ti ń fún un lábẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ sípò. Ṣé lóòótọ́ ni àìtó fítámì lásán lè ṣe gbogbo èyí? Ṣé á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀? Àwa tó kù nílé ńkọ́, tó jẹ́ gàrì àti ìrẹsì la ń jẹ jù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín o. Ọlọ́run á dá òun àti ọmọ inú rẹ̀ sí. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn jù: bẹ́ẹ̀ ni, àìtó fítámì B1 nìkan lè ṣe gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí. Ojú tó ń rí ohun kan ní méjì, ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ràn sí ẹni tó ni ín lẹ́nu mọ́, iyè tó dàrú: àmì mẹ́ta yìí ni àwọn oníṣègùn fi ń dá àìsàn ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní àìsàn Wernicke mọ̀. Ohun tó dùn mí nínú ìwé yín ni pé ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni obìnrin yìí fi ń bì, tí ẹnikẹ́ni ò rántí oògùn yìí, bẹ́ẹ̀ kò wọ́n, kò sì ṣòroó rí.

Ní ti ọtí tí nọ́ọ̀sì bi yín léèrè, ẹ má jẹ́ kó dun màmá yín jù. Ó yẹ kí wọ́n béèrè, torí pé ọtí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn yìí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àmọ́ kò yẹ kí ìbéèrè náà parí síbẹ̀. Carl Wernicke, dókítà ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àìsàn yìí, kọ̀wé nípa ẹni mẹ́ta ní 1881. Ọ̀mùtí ni ọkùnrin méjì nínú wọn. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin aránṣọ kan tó gbé ásíìdì mu. Ásíìdì yẹn dá ọgbẹ́ sí ibi tí oúnjẹ ń gbà jáde nínú ikùn rẹ̀, ọgbẹ́ náà fún ọ̀nà pa, ohunkóhun tó bá sì jẹ ló ń bì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú rẹ̀ kọṣẹ́, kò lè dúró dáadáa mọ́, iyè rẹ̀ ò sì pé mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú, torí pé kò tíì sí ẹni tó mọ fítámì kankan láyé ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ aránṣọ yẹn ló jọ ti àbúrò yín: èébì ló kó àwọn méjèèjì débẹ̀, kì í ṣe ọtí.

Fítámì B1, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ thiamine, kì í pẹ́ lára. Ẹ̀dọ̀ wa lè kó fítámì A àti B12 pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní fún ọdún, ṣùgbọ́n gbogbo B1 tó wà lára àgbàlagbà kan kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 25 sí 30 lọ. Obìnrin tí kò lóyún nílò mílígíráàmù 1.1 lójúmọ́, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ nílò 1.4. Bí kò bá wọlé rárá, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni èyí tó wà nílẹ̀ ti ń lọ sópin. Ẹ wá fi ìyẹn wé iye ọ̀sẹ̀ tí àbúrò yín fi ń bì. Omi ògì tó ń mu pàápàá kò ní B1 tó nǹkan, màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú.

Iṣẹ́ wo wá ni fítámì yìí ń ṣe? Ìgbàkígbà tí a bá jẹ ohun tó ń di ṣúgà lára, ìbáà ṣe iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, tàbí glukóòsì inú dírípù, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara gbọ́dọ̀ sọ ṣúgà yẹn di agbára. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà, wọn ò sì lè gbé ọwọ́ bí B1 ò bá sí lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀ràn náà wá dà bíi ti ẹrù tó dé bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ láìní ìwé: ẹrù ń jọ jọ, ó ń bàjẹ́ níbi tó wà, àwọn tó ń retí rẹ̀ nínú ọjà ò sì rí nǹkan kan tà. Ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀, ebi ń pa sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí kò rí ọ̀nà gbà á di ásíìdì nínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa da ara láàmú.

Ọpọlọ ló máa ń tètè mọ̀ ọ́n lára. Ìwọ̀n rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ló ń gba nǹkan bíi 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ṣúgà ló sì gbójú lé. Nínú ọpọlọ náà, àwọn ibi kéékèèké kan ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́: ibi tó ń darí bí ẹyinjú ṣe ń yí, ibi tó ń jẹ́ kí a lè dúró ká má ṣubú, àti ibi tí ohun tuntun tí a gbọ́ ń gbà wọ inú ìrántí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ojú, ẹsẹ̀ àti iyè ni ẹ rí i tó kọṣẹ́ lára rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tí kò ní ibi tó ti wá nínú ọpọlọ, tí fọ́tò MRI sì lè fi hàn nígbà mìíràn.

Ẹ fara balẹ̀ kà èyí tó kàn yìí, kí ẹ sì sọ fún gbogbo aboyún tí ẹ bá mọ̀. Bí ṣúgà tó ń wọ ara bá ṣe pọ̀ tó ni B1 tí ara nílò láti fi lò ó ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, B1 ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ẹ bá fa glukóòsì sí i lára láìfi B1 kún un, ṣúgà náà á fa ìwọ̀nba tó kù tán, ọpọlọ á sì kọṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn láàárín wákàtí. Ìdí nìyẹn tí ara àbúrò yín fi ń fúyẹ́ lónìí, tó sì tún ń burú sí i lẹ́yìn rẹ̀. N kò sọ pé ẹni tó fún un ní dírípù ní ibi lọ́kàn. Ó rí aboyún tó rẹ̀, ó sì fún un ní ohun tó mọ̀. Àmọ́ ìlànà ti wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Britain, Royal College of Obstetricians and Gynaecologists, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2016 pé gbogbo obìnrin tí wọ́n bá gbà sílé ìwòsàn nítorí èébì oyún tó pẹ́ ni kí wọ́n fún ní thiamine, pàápàá kí wọ́n tó fún un ní glukóòsì. Omi iyọ̀ ló sì yẹ kí wọ́n fi máa dá omi ara rẹ̀ padà, kì í ṣe glukóòsì. Ibi kan péré ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: bí ṣúgà ara ènìyàn bá ti lọ sílẹ̀ débi tó léwu, kí wọ́n fún un ní glukóòsì lójú ẹsẹ̀, kí B1 sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró de B1 nígbà tí ṣúgà bá fẹ́ pa ènìyàn.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n tètè dá ti àbúrò yín mọ̀ ni pé àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sí i lára. Ọ̀pọ̀ ni kì í pé sí lára. Ní 1986, àwọn dókítà ní Australia ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ àwọn 131 tí wọ́n rí àìsàn yìí nínú ọpọlọ wọn lẹ́yìn ikú, wọ́n sì rí i pé nǹkan bíi 16 nínú 100 péré ló ní àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí wọ́n wà láàyè. Àwọn tó kù, ọ̀rọ̀ tó ń dàrú nìkan ni, tàbí ìrìn ségesège nìkan, tàbí oorun àsùnjù. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń bì fún ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, tí ọ̀kan péré nínú àmì wọ̀nyí bá yọ, ẹ má retí èkejì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà tó lè fi B1 hàn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ń ṣe é kò pọ̀, èsì rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Oògùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn. B1 tó bá pọ̀ jù á bá ìtọ̀ jáde, kò sì léwu fún ọmọ inú.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tó fi jẹ́ abẹ́rẹ́, nígbà tó jẹ́ pé B-complex róbótó wà ní gbogbo kẹ́míìsì. Ìfun kì í lè gba B1 púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ti ẹni tó ń bì sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. B-complex lásán kì í sábà ní ju mílígíráàmù 1 sí 5 lọ nínú hóró kan. Nínú àìsàn Wernicke, mílígíráàmù 200 sí 500 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fi sínú iṣan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó dín in kù, kí wọ́n tó wá bọ́ sórí hóró oògùn. Ẹ bá mi bi àwọn dókítà rẹ̀ bóyá wọ́n ti wo magnesium, èròjà kan tí ara nílò, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èébì máa ń gbé magnesium lọ, B1 kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí magnesium ò bá sí. Mo ti rí aláìsàn tí abẹ́rẹ́ ò ràn títí wọ́n fi fún un ní magnesium.

Ṣé á padà sí bó ṣe wà? Ìrètí wà, ó sì pọ̀, torí pé ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáa. Ojú ló máa ń kọ́kọ́ padà, láàárín wákàtí sí ọjọ́ mélòó kan. Ẹ lè rí i pé bó bá wo ẹ̀gbẹ́, ẹyinjú rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn lè pẹ́ kó tó lọ, kò sì yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ẹsẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ti àwọn mìíràn kì í sì padà tán pátápátá. Ìrántí ló máa ń lọ́ra jù.

Lórí ìrántí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Bí ìtọ́jú bá pẹ́, àìsàn Wernicke lè fi àìsàn kejì sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Korsakoff. Ẹni tó bá ní in á rántí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, á rántí orúkọ tíṣà rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò ní rántí pé ẹ wá kí òun láàárọ̀. Ibi tí ìrántí ti ṣófo, á fi ìtàn dí i: á ní òun lọ sọ́jà lánàá, òun bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ilé á ní ó ń purọ́, tàbí pé nǹkan ń bá a sọ̀rọ̀. Kò purọ́ rárá. Ohun tó ń sọ dá òun fúnra rẹ̀ lójú. Èyí ni ẹ lè fi máa ṣọ́ ọ: ẹ dárúkọ nǹkan mẹ́ta fún un, bí ọṣẹ, ọsàn, kọ́kọ́rọ́. Kí ó tún wọn pè. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ mìíràn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá bi í pé kí ni mẹ́ta yẹn. Ẹ máa kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà dání nígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà. Ẹ so kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri níbi tí ojú rẹ̀ máa tó o láàárọ̀. Kí ó máa rìn lójoojúmọ́, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má sì dá gun àtẹ̀gùn.

Ẹ bá mi kí màmá yín. N kò ní bá wọn jiyàn lórí àdúrà. Kí wọ́n máa gbà á lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n má ṣe yọ ọ́ kúrò nílé ìwòsàn lọ sí ibi tí wọ́n á ti ní kó gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ fún ẹni tí B1 ti tán lára rẹ̀ lè ba gbogbo ohun tí abẹ́rẹ́ ti tún ṣe jẹ́.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀yin tó kù nílé. B1 tó tán kì í bá ọpọlọ nìkan jà. Ọ̀nà tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù ni beriberi, ọ̀nà méjì ló sì máa ń gbà wá. Ọ̀kan a máa mú ọkàn: ẹsẹ̀ á wú, èémí á máa kúrú, àyà á máa lù kìkìkì, ènìyàn kò ní lè sùn láìgbé orí ga. Èkejì a máa mú àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára: àtẹ́lẹsẹ̀ á máa jó bí iná, á kú tipiri, ẹran ojúgun á máa ro ènìyàn bó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, bó bá lóṣòó, kò ní lè dìde. Èyí tó mú ọkàn lè yára pani, ó sì tún máa ń yára gbọ́ oògùn, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Èyí tó mú iṣan ò ní irú ìyára bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wá torí èyí sọ pé gbogbo ẹsẹ̀ tó ń jó ni B1. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń fà á jù láàárín wa. Àìtó B12 náà ń fà á, pàápàá lára ẹni tó ti ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntòkun ti Ìbàdàn sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí àìsàn kan lágbègbè Ẹ̀pẹ́, tó máa ń mú ẹsẹ̀ kú, tó ń pa ojú àti etí lára díẹ̀díẹ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ àti oró inú rẹ̀. Àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, B1 nìkan kọ́ ló máa wò ó. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń jó, kí ó lọ fún àyẹ̀wò kó tó máa ra abẹ́rẹ́ kiri.

Gàrì kì í ṣe májèlé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ṣúgà tó máa dì lára pọ̀, B1 tó ní láti fi lo ṣúgà yẹn ò sì tó nǹkan. Ohun tí ẹ bá fi tì í ló máa pinnu. Gàrì àti ẹ̀pà, gàrì àti ẹ̀wà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, torí B1 pọ̀ nínú ẹ̀pà àti ẹ̀wà. Ó wà nínú ẹ̀gúsí, yànmọ̀tí, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀dọ̀ ẹran. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló ní in jù nínú ẹran, fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbà á láyè. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni gàrì àti omi tútù láàárọ̀, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tó ṣàn lálẹ́, ọjọ́ dé ọjọ́.

Ní ti ìrẹsì, abẹ́ èèpo rẹ̀ ni B1 wà. Bí ẹ̀rọ bá ti ha á funfun, ó ti ha B1 dànù. Ohun tó pa àwọn ará Éṣíà ní ìpakúpa láyé ọjọ́un nìyí. Ọkọ̀ ojú omi ogun Japan kan tó ń jẹ́ Ryūjō gbéra ní 1882, ènìyàn 376 ló wà nínú rẹ̀, ìrẹsì funfun ni wọ́n ń jẹ jù. Kí ìrìn àjò náà tó parí, 169 nínú wọn ti ní beriberi, 25 sì kú. Dókítà wọn, Takaki Kanehiro, ní kí ọkọ̀ mìíràn gba ojú ọ̀nà kan náà ní 1884 pẹ̀lú ẹran, ẹ̀wà àti ọkà báálì kún oúnjẹ wọn. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ní Java, erékùṣù kan ní Indonesia, Christiaan Eijkman, dókítà ará Netherlands, rí i pé àwọn adìẹ tó ń jẹ ìrẹsì funfun ń rọ lẹ́sẹ̀, àwọn tó ń jẹ èyí tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀ ò sì rọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1929.

Ohun kan ń gbà wá: ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ pẹ̀lú èèpo lára kí ẹ̀rọ tó bó o ló pọ̀ jù lọ́jà wa, ooru omi yẹn sì máa ń ti díẹ̀ nínú B1 wọ inú hóró. Àmọ́ àwa fúnra wa ń dà á nù nínú ilé. A ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó bọ̀ ọ́, a ó da omi náà nù, a ó tún fọ̀ ọ́ kí a tó gbé e ka iná padà. Omi tó lọ yẹn gbé B1 lọ. Bí ìrẹsì bá mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì se é mọ́ omi rẹ̀. Ògì náà bẹ́ẹ̀: inú eèrí tí a ń sẹ́ kúrò fún ewúrẹ́ ni B1 àgbàdo pọ̀ sí. Bí ẹ bá ń fún aláìsàn ní ògì, ẹ po ẹ̀pà tí a yan tí a lọ̀ kúnná mọ́ ọn, tàbí kí ẹ lọ ẹ̀wà sóyà mọ́ àgbàdo láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kánún ló kù. Àwọn ìyá wa ń jù ú sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, ẹ̀wà á sì rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ irú omi tí kánún ń sọ omi dà, B1 ò lè fara dà á lórí iná. Ó ń bàjẹ́ nínú ìkòkò náà gan-an. Ẹ wá se ẹ̀wà torí B1, kánún ti pa á. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, tàbí kí ẹ lo ìkòkò onípréṣà. Mo mọ̀ pé gáàsì wọ́n, mo sì mọ̀ pé torí ẹ ni kánún fi wà nínú ilé. Bó bá pọn dandan, kó má jẹ́ ìkòkò tí ẹ̀ ń se fún aboyún àti ọmọdé.

Nígbà tí a ti wà lórí ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ní 1958, Wright àti Morley, dókítà méjì tó mọ agbègbè Iléṣà, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó máa ń yọjú lásìkò òjò, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá. Ènìyàn á jẹun tán, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ á máa bì, gbogbo ara á máa gbọ̀n, kò ní lè dúró, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á máa wọ́, ti ẹlòmíràn á dákú. Fún ọdún pípẹ́, a ò mọ ohun tó ń fà á. Ní ọdún 1990 sí 1994 ni Dókítà Adámọ́lẹ́kún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa rẹ̀ dé ìdí kòkòrò kan tí wọ́n máa ń yan jẹ lásìkò òjò, ìyẹn kòkòrò tí wọ́n ń gba òwú sányán láti ara ìtẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ìdí nìyẹn tí mo fi júwe rẹ̀ báyìí. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì, wọ́n fún apá kan ní thiamine, wọ́n fún apá kejì ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tó gba thiamine ló yá ara jù, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di 2000, àwọn olùwádìí láti Japan fi hàn pé ohun kan wà nínú kòkòrò náà tó ń gé B1 já, iná kì í sì í tètè pa á. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń jẹ, tí B1 ara rẹ̀ ti kéré, kòkòrò yìí á wá gé èyí tó kù. Ẹran tó wà nínú kòkòrò náà dára fún ara, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò jẹ nǹkan mìíràn ju ẹ̀bà lọ lásìkò náà, kó yẹra fún un.

Àwọn mìíràn tó yẹ kí ẹ fi ojú ṣọ́: ẹni tó ń mu ògógóró tàbí páráàgà lójoojúmọ́, torí ọtí kì í jẹ́ kí ìfun gba B1, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó ń lo oògùn tí ń mú ni tọ̀, bíi furosemide, torí ó ń bá ìtọ̀ lọ, ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ láti gé ikùn kéré torí ó sanra, tó wá ń bì lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń ṣe báyìí. Kí wọ́n bi dókítà wọn léèrè nípa thiamine.

Padà sí àbúrò yín. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, wọ́n á fún un ní hóró thiamine, ó sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 100 lójúmọ́. Kí ó máa lò ó títí oyún á fi wálẹ̀ àti nígbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú, àyàfi bí dókítà rẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Bó bá bì í, ẹ má ṣe fojú fò ó. Bí kò bá dúró nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ padà lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀ gàdàgbà pé ó ti ní àìsàn Wernicke nínú oyún yìí, nítorí èébì bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá nínú oyún mìíràn.

Ọmọ náà kò ní rí B1 níbòmíràn ju inú wàrà ìyá rẹ̀ lọ. Ní Laos àti Cambodia, níbi tí ìrẹsì funfun ti gbòde, àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn ò ní B1 tó máa ń kú lójijì láàárín oṣù méjì sí mẹ́rin, wọ́n á sì sanra dáadáa títí di ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n kú. Bí ọmọ yìí bá dé ọjọ́ orí yẹn, tí ẹ rí i pé kò fẹ́ mu ọmú mọ́, tó ń mí lókèlókè, tó ń sunkún tí ẹnu là sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ohùn ò jáde tàbí tó há, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá dókítà sọ sì jẹ́ pé B1 tán lára ìyá rẹ̀ nígbà tó wà nínú oyún.